Kí Ẹ Tó Kọ̀wé sí Módẹ́ẹ̀lì: Bí Ayàwòrán Ṣe Ń Bẹ Èèyàn Níṣẹ́ Fótò

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà lójú fídíò yìí. "Báwo ni. O rẹwà gan-an. Ayàwòrán ni mí. Ṣé o lè wá sí sítúdíò mi ká ya fótò? Fi nọ́ńbà ẹ ránṣẹ́."

Gbólóhùn márùn-ún péré. Ẹni tó kọ ọ́ lè jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì lè dára ju tèmi lọ. Àmọ́ módẹ́ẹ̀lì tó gbà á kò lè rí ìyẹn. Ohun tó rí ni àjèjì kan tí kò dárúkọ, tó yìn ín lẹ́wà, tó sì ní kó wá bá òun níbi tí kò dé rí. Irú rẹ̀ ń wọlé sí i lójoojúmọ́: láti ọ̀dọ̀ ayàwòrán tòótọ́, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ra kámẹ́rà lánàá, àti láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní kámẹ́rà rárá. Tó bá jẹ́ gbólóhùn márùn-ún yìí nìkan la fi máa dá wọn mọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra bí ìbẹta.

Mo ti kọ irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ́ sí èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, mo sì gbà pé ìgbéraga ló ń dà wọ́n láàmú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì ló là mí lójú. Ó ní, "Kí n tó dá ayàwòrán kankan lóhùn, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi: tí mo bá lọ, ṣé màá padà sílé láyọ̀?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé tí mo bá kọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ránṣẹ́, kí n lè mọ̀ bóyá ó ti dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tiyín. Ẹ ṣí ojú-ewé yín, kí ẹ sì wò ó bí ẹni pé ẹ kò mọ ẹni tó ni ín. Ṣé orúkọ yín wà níbẹ̀? Ṣé ẹ ti ya èèyàn rí, àbí ẹyẹ àti ilé gogoro ló kún ibẹ̀? Fótò èèyàn mẹ́wàá tó dára tó, àmọ́ kí wọ́n jọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ bẹ módẹ́ẹ̀lì sí. Kí ẹ sì dárúkọ módẹ́ẹ̀lì tó wà nínú fótò kọ̀ọ̀kan, tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ kọ̀wé sí máa lọ bá wọn, á sì béèrè irú èèyàn tí ẹ jẹ́. Kì í ṣe pé ó ń fura sí yín. Àwọn módẹ́ẹ̀lì máa ń bi ara wọn léèrè bẹ́ẹ̀, ayàwòrán tó bá sì ti hùwà tó dáa ni ìbéèrè yẹn ń ṣe láǹfààní jù.

Ẹ wá wo ojú-ewé tirẹ̀. Tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ímeèlì ni kí wọ́n fi kàn sí òun, ẹ má wọ inú DM, ìyẹn àpótí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ lórí ìkànnì. Tó bá ní iléeṣẹ́ tó ń ṣojú rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ gbà, torí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú wọn sábà máa ń dí i lọ́wọ́ láti dá gba iṣẹ́. Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ní módẹ́ẹ̀lì tuntun tí fótò rẹ̀ kò tíì pọ̀. Ayàwòrán tí iṣẹ́ rẹ̀ bá mọ́, tó mọ ohun tó fẹ́, tó sì ní ẹni tó máa ṣe mékọ́ọ̀pù, wọ́n lè gbà kó ya irú wọn. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán kò tiẹ̀ béèrè rí; wọ́n kàn gbà pé wọ́n á lé àwọn.

Ó ya, ìwé náà gan-an. Bí èmi á ṣe kọ ọ́ lónìí nìyí, ẹ kà á pẹ̀lú mi:

"Ẹ kú iṣẹ́. Ayàwòrán ni mí, orúkọ mi àti ojú-ewé mi wà nísàlẹ̀. Mo rí fótò tí ẹ ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí ẹ yí ojú kúrò níbi ìmọ́lẹ̀. Ìdúró yẹn ló mú mi ronú kàn yín. Mo ń ṣe àkójọ fótò mẹ́jọ nípa àwọn tó ń dúró de ọkọ̀. Ìta gbangba la ti máa yà á, lọ́sàn-án, fún wákàtí mẹ́rin. Aṣọ ojoojúmọ́ yín ni ẹ máa wọ̀. Èmi àti obìnrin kan tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù la máa wà níbẹ̀. Ẹ lè mú ẹni tó bá wù yín dání. Mo ní owó nílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, èló ni ẹ ń gbà fún ìdajì ọjọ́? Tí kò bá bọ́ sí i fún yín, kò sí wàhálà."

Ẹ kíyè sí i pé kò sí "ẹ rẹwà" níbẹ̀. Módẹ́ẹ̀lì náà mọ̀ pé òun rẹwà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tí kò sábà rí ni ẹni tó wo iṣẹ́ náà dáadáa débi tó fi lè tọ́ka sí fótò kan, kó sì sọ ohun tó rí nínú rẹ̀. Ẹ tún kíyè sí "ẹ" tí mo lò. Àjèjì tó kọ̀wé síni tó ń pe èèyàn ní "ìwọ" láti gbólóhùn àkọ́kọ́ ti sọ bó ṣe máa sọ̀rọ̀ tó bá di ibi iṣẹ́. Àní bí módẹ́ẹ̀lì náà bá kéré sí yín lọ́jọ́ orí, ẹ fi "ẹ" pè é títí òun fúnra rẹ̀ á fi ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. "Ọmọge", "olólùfẹ́", gbogbo ìyẹn, ẹ gbé e jìnnà.

Tí ẹ bá ní àkójọ àwòrán tó fi irú ìmọ́lẹ̀ àti ìdúró tí ẹ fẹ́ hàn, ẹ fi kún un. Mẹ́fà tó. Tó bá di ọgbọ̀n, ẹ̀yin fúnra yín kò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀pọ̀ ń sá fún. Láyé tí wọ́n ń fi fíìmù sínú kámẹ́rà, ayàwòrán àti módẹ́ẹ̀lì máa ń ṣe pàṣípààrọ̀: módẹ́ẹ̀lì á fi àkókò rẹ̀ sílẹ̀, ayàwòrán á tẹ fótò fún un. Ibẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pè é títí dòní, TFP ("time for prints", ìyẹn àkókò ní pàṣípààrọ̀ fún fótò títẹ̀), ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ sẹ́ni tó ń tẹ fótò sórí ìwé fún módẹ́ẹ̀lì mọ́. Pàṣípààrọ̀ náà dára tí àwọn méjèèjì bá ń wá fótò tí wọ́n máa fi wá iṣẹ́. Ibi tó ti ń di ìrẹ́jẹ ni ìgbà tí ayàwòrán ti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, tàbí tó fẹ́ ta fótò náà, tó wá ń sọ fún módẹ́ẹ̀lì pé "èyí á jẹ́ kí aráyé mọ̀ ọ́." Bí owó bá máa wọlé látinú fótò yẹn, kí ti módẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ TFP lóòótọ́, ẹ kọ iye fótò tí ẹ máa tún ṣe fún un àti ọjọ́ tó máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. "Láìpẹ́" kì í ṣe ọjọ́. Ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ ṣáájú bóyá ẹ máa fún un ní fótò tí ẹ kò tíì tún ṣe, torí ó máa béèrè.

Aṣọ wá ńkọ́? Ibí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Àwọn àgbà ní kí á wí fún ni kí á tó dá ni, àgbà ìjàkadì ni. Bí iṣẹ́ náà bá máa kan aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀, aṣọ tó hàn sára, tàbí ìhòòhò, inú ìwé àkọ́kọ́ ni kó wà, ní ọ̀rọ̀ tó yé ọmọdé. Kí ẹ má dúró di ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tó ti rìnrìn àjò, tó ti jókòó fún mékọ́ọ̀pù fún wákàtí kan, kí ẹ wá ní "ẹ jẹ́ ká gbìyànjú èyí náà." Ẹni tó bá gba nǹkan ní irú àkókò yẹn kò gbà á, ojú ló ń tì í láti kọ̀. Ní 2018, lẹ́yìn tí àwọn módẹ́ẹ̀lì ti sọ̀rọ̀ síta nípa ohun tí ojú wọn rí lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán tó lórúkọ, Condé Nast tó ń tẹ ìwé ìròyìn Vogue gbé ìlànà jáde fún gbogbo ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ sí ọtí níbi iṣẹ́. Ìhòòhò àti aṣọ tó hàn sára gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí módẹ́ẹ̀lì ti fọwọ́ sí ṣáájú. Wọ́n sì dá a lábàá pé kí módẹ́ẹ̀lì má ṣe dá wà pẹ̀lú ayàwòrán. Àwọn tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá nínú sítúdíò ló nílò ìlànà yìí, ká má tíì sọ ti èmi àti ẹ̀yin tó jẹ́ pé àwa àti kámẹ́rà la sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ "ẹ lè mú ẹni tó bá wù yín dání" kí wọ́n tó béèrè. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: alábàárìn máa ń sọ̀rọ̀ jù, ó máa ń jẹ́ kí módẹ́ẹ̀lì máa wo ẹ̀yìn. Òótọ́ ni, nígbà míì. Ẹ fún un ní pátákó funfun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà kó gbé dání. Ẹ ti rí olùrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn, ẹnu rẹ̀ á sì dákẹ́.

Tí ẹni náà kò bá tíì pé ọdún 18, òbí tàbí alágbàtọ́ ni kí ẹ kọ̀wé sí. Kì í ṣe ọmọ náà. Òbí ni kó fọwọ́ sí ìwé, kí òbí sì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìyọ̀ǹda ló kù, ìyẹn ìwé tí módẹ́ẹ̀lì fi gbà pé kí ẹ lo àwòrán òun. Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀. Ní ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Abigail Roberson rí i pé ojú òun ti wà lára ìwé ìpolówó ìyẹ̀fun. Ẹ̀dà bíi 25,000 ni wọ́n tẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri ṣọ́ọ̀bù àti ilé ọtí. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹjọ́, àmọ́ ní 1902, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá ẹjọ́ rẹ̀ nù, adájọ́ mẹ́rin sí mẹ́ta, pé òfin kò mọ irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Inú bí àwọn aráàlú. Nígbà tó di 1903, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ tàbí àwòrán èèyàn polówó ọjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ ní àkọsílẹ̀. Òfin náà ṣì wà títí di báyìí. Ibi tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé adájọ́ àgbà tó kọ ìdájọ́ yẹn, Alton Parker, jáde du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1904, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àwọn oníkámẹ́rà kò jẹ́ kí òun àti ìdílé òun sinmi. Roberson kọ lẹ́tà sí i, ó rán an létí ohun tó ti sọ nílé ẹjọ́.

Òfin yàtọ̀ láti ilẹ̀ sí ilẹ̀, àmọ́ ìwé náà ṣe pàtàkì níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà àti ní Bìrìtìkó, ayàwòrán ló sábà máa ń ni fótò tó bá yà; síbẹ̀, pé ẹ ni fótò kò sọ pé ẹ lè fi ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀ ta ọṣẹ. Àwọn ojú-ewé tó ń ta fótò, bíi Shutterstock àti Getty Images, kì í gba fótò ìpolówó tí ojú èèyàn bá hàn nínú rẹ̀ láìsí ìwé ìyọ̀ǹda. Torí náà, ẹ kọ ibi tí ẹ máa lò ó sí gan-an: ojú-ewé yín, ìwé ìròyìn, ìpolówó, títà. Kí ẹ sì fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ tó dé. Mo ti rí ayàwòrán tó yọ bébà jáde nígbà tí módẹ́ẹ̀lì ti gbé bàtà dání, tó ti rẹ̀ ẹ́, tí ọkọ̀ ń dúró dè é níta. Ó fọwọ́ sí i lóòótọ́, àmọ́ kò kà á.

Tí kò bá dáhùn ńkọ́? Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan, ní gbólóhùn méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ní òun kò ṣe, ẹ dúpẹ́, ẹ má béèrè ìdí. Ẹni tó kọ̀ yín lónìí tí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó máa dárúkọ yín fún módẹ́ẹ̀lì míì lọ́la. Mo ti gba iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Tó bá sì gbà, ẹ fi ìwé kan ṣoṣo ránṣẹ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú: àdírẹ́ẹ̀sì, aago, nọ́ńbà yín, orúkọ gbogbo ẹni tó máa wà níbẹ̀, ibi tó ti máa pààrọ̀ aṣọ. Ní ọjọ́ náà, tí ẹ bá fẹ́ tún irun tàbí kọ́là rẹ̀ ṣe, ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kí fótò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ẹ dá.

Ẹ wá wo ojú fídíò yìí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwé kejì tí mo kọ sí módẹ́ẹ̀lì kan tí mo yà létí ọ̀nà, ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ àkọ́kọ́, nìyí: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo tún ní èrò kan, owó ti tẹ́lẹ̀ náà ni. Ṣé ẹ ráyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?" Èsì rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ: "Níbo? Aago mélòó?"