Afẹ́fẹ́ orí igi kì í ṣe afẹ́fẹ́ ilẹ̀: bí a ṣe ń gbé dróònù dìde nínú oko kòkó

Ẹ káàárọ̀ o. Oko kòkó kan ní ọ̀nà Ifẹ̀wàrà, lẹ́yìn Iléṣà, ni a wà yìí. Aago méje kò tíì lù, ìrì sì wà lórí koríko. Bàbá tí ó ni oko fẹ́ kí a fín oògùn sí àrùn tí ó máa ń sọ èso kòkó di dúdú ní àsìkò òjò. Dróònù tí ẹ ń wò nílẹ̀ yìí ni a ó lò, tàǹkì rẹ̀ sì ń gba lítà 40. Mo gbà pé ìwé àṣẹ yín láti ọ̀dọ̀ NCAA, àjọ tí ń bójú tó ìrìn ojú òfuurufú ní Nàìjíríà, àti láti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ọ̀rọ̀ ààbò ti pé, nítorí náà n kò ní dúró lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ọ̀rọ̀ ogún ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́, láti ìgbà tí ẹ̀rọ bá kúrò nílẹ̀ títí tí yóò fi yọ lórí igi, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ba abẹ̀bẹ̀ tí ń gbé dróònù fò jẹ́ jù.

Ẹ wo ibi tí mo dúró sí. Ewé kankan kò mì. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ ìwọn afẹ́fẹ́ sókè níwájú àyà yín níbí, yóò sọ pé afẹ́fẹ́ kò sí, kò sì parọ́. Ibi tí ẹ kò ní fò ni ó wọ̀n fún yín. Kòkó tí ó yí wa ká ga tó mítà 6 tàbí 7, ìrókò tí wọ́n dá sí láàárín wọn sì ga jù wọ́n lọ fíìfíì. Àwọn igi wọ̀nyí ni wọ́n gba afẹ́fẹ́ dúró fún wa. Lókè orí wọn, kò sí ohun tí ó dá a dúró, àti pé òkè pọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: afẹ́fẹ́ tí ó bá bọ́ sí àárín òkè méjì a máa le sí i, bí odò ṣe ń sáré sí i níbi tí bèbè rẹ̀ bá ti há.

Nítorí náà, kí ẹ tó tan ohunkóhun, ẹ gbé ọ̀pá ọparun nàró. Èyí tí àbúrò mi dì mú yìí jẹ́ mẹ́ta tí a so pọ̀, kí orí rẹ̀ lè yọ ju kòkó lọ, a sì so aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ àti ẹ̀rọ ìwọn afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Ẹ wò ó: nísàlẹ̀ kò sí nǹkan kan, lókè aṣọ ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko wò ó. Bí aṣọ náà bá rọ̀ wọ̀ọ̀, tí ó sì tún nà lójijì, afẹ́fẹ́ tí ń já lu nǹkan nìyẹn, ó sì burú ju èyí tí ó le ṣùgbọ́n tí kò yí padà. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ mi wá fi òpin sí mítà 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èmi a máa dáwọ́ dúró ní 4. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń sọ pé ojo ni mí.

Wọn kò sí níbẹ̀ ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo gbéra láàárín igi bí irú èyí, ilẹ̀ pa rọ́rọ́, mo sì yára gbé e sókè pẹ̀lú tàǹkì tí ó kún dé ẹnu. Bí ó ti yọ lórí kòkó báyìí ni ẹ̀fúùfù láti ẹ̀gbẹ́ òkè gbá a, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lọ lu ẹ̀ka ìrókò. Ohun tí ó fà á ni pé dróònù kì í dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́ àfi bí ó bá tẹ̀ sí i, díẹ̀ nínú agbára abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni ó sì fi ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lítà 40 omi tó nǹkan bí kìlógíráàmù 40. Ẹ̀rọ tí ó ti ná gbogbo agbára rẹ̀ lórí ẹrù kò ní èyí tí yóò fi bá afẹ́fẹ́ jà. Bí aṣọ orí ọ̀pá bá ti ń jà, lítà 25 ni mo máa ń rọ. Lóòótọ́, omi tí kò kún tàǹkì a máa fì sọ́tùn-ún sósì, ṣùgbọ́n ọwọ́ jẹ́jẹ́ lórí rìmóòtù lè kápá ìyẹn.

Ó kan ibi tí ẹ óò ti gbéra. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba orí igi kọjá a máa já wọ inú gbangba, a sì máa rú gùdù bí omi Olúmirin ṣe ń rú ní ìsàlẹ̀ àpáta rẹ̀ ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ẹ má gbé ẹ̀rọ sí ìdí igi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ẹ má sì gbé e sí ìdí igi òdìkejì tí afẹ́fẹ́ lè tì í lù. Àárín ni. Bí gbangba náà kò bá tó ogún ìṣísẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ojú ọ̀nà mọ́tò. Kí gbogbo ènìyàn, títí kan Bàbá olóko, dúró sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí oògùn má baà fẹ́ sí wọn lójú.

Ní ti àkókò, bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, ẹ máa retí ààjà, pàápàá ní ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé ààjà a máa gbé ènìyàn lọ kọ́ egbòogi nínú igbó. Dróònù tí ó bá gbé kì í kọ́ nǹkan kan bọ̀. Bí òjò bá sì ṣú ní ìlà-oòrùn, tí atẹ́gùn tútù kan ṣàdédé fẹ́ bà yín, ẹ má gbéra rárá, nítorí pé ìjì a máa ṣáájú òjò náà dé.

Ó yá, mo gbé e. Mítà 2, mo dá a dúró, mo ń kà dé mẹ́wàá. Ó dúró ṣánṣán. Mo tún ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ dé ìsàlẹ̀ orí kòkó, mo sì dá a dúró lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wo bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Bí ó bá tẹ̀ jù báyìí, ìsàlẹ̀ ni mo máa dá a padà sí, n kò ní fi ipá mú un kọjá. Títẹ̀ yìí kéré. Ó ti yọ lórí igi báyìí, ó mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti rọlẹ̀. Àbúrò, aṣọ ńkọ́? Ó ní kò yí padà. Mo ń darí rẹ̀ lọ sí ìlà àkọ́kọ́.