Ìrora Ti Lọ, Ẹ Má Tíì Sáré: Ọ̀rọ̀ Ọrùn Ẹsẹ̀ Tuntun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò ní máa sọ ohun tí làkúrègbé ọrùn ẹsẹ̀ jẹ́ fún yín. Ẹni tó ti ń rọra wá ilẹ̀ tẹ̀ láàárọ̀ kó tó lè dìde mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n ti pààrọ̀ oríkèé. Ó kù kí ẹ máa rìn.

Ibí gan-an ni gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà!

Ẹ wò ó. Eegun tó ń ha eegun ló ń dùn yín tẹ́lẹ̀. Dókítà ti gé ojú ibẹ̀ kúrò, ó fi irin sókè, ó fi irin sísàlẹ̀, ó wá fi ike sáàárín wọn. Ìrora àtijọ́ lè yára lọ. Ẹ ó wá ní, "Háà, mo ti gbádùn." Rárá o! Eegun ṣì ní láti hù mọ́ irin yẹn, kó dì í mú. Ẹ JẸ́ KÍ N TÚN UN SỌ: ÌRORA LÈ TÁN, KÍ EEGUN MÁ TÍÌ DI IRIN MÚ.

Mo ní àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Káfíńtà fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó ní kí n má jókòó sí i títí di ọjọ́ kejì. Nírọ̀lẹ́ mo fọwọ́ kàn án, ó le koránkorán. Mo bá jókòó. Ṣé ó já? Kò já! Ìyẹn ló tàn mí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì ń mì títí dòní. Àga lèyí o, wọ́n lè tún un lẹ̀.

Torí náà, bí dókítà bá ní ẹ má tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ga ju àyà lọ, kí ẹ máa mi ọmọ ìka rẹ̀. Tí físíò, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi eré ìmárale ṣe, bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fa àtẹ́lẹsẹ̀ sókè, ẹ máa tì í sísàlẹ̀, ẹ máa kọ́ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ó máa ń súni, mo mọ̀. Ẹ ṣáà ṣe é.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ti ṣe é jù? Ẹ má fi ìrora nìkan díwọ̀n, ẹ máa wo wíwú pẹ̀lú. Tó bá wú díẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò burú; ó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. ÀÁRỌ̀ ni kí ẹ wò ó, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn. Tó bá wú ju ti àárọ̀ àná lọ, ẹ dín ìrìn òní kù. Ṣùgbọ́n tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó ń dùn, tó gbóná, tàbí tí ojú ọgbẹ́ ń ṣọyún, ẹ pa fídíò yìí, ẹ pe dókítà yín. Tí èémí bá wá ń ká yín, ilé ìwòsàn ni kíákíá!

Ẹ̀yìn ìgbà náà ńkọ́? Ìrìn, kẹ̀kẹ́ gígùn, lúwẹ̀ẹ́ tí ojú ọgbẹ́ bá ti pa dé pátápátá: ẹ máa ṣe é lọ. Eré sísá àti fífò ni kí ẹ yàgò fún. Ike àárín yẹn máa ń jẹ bí àtẹ́lẹ̀ bàtà ni, kò sì ní hù padà.

Mo mọ ẹni tó fẹ́ bi mí léèrè bọ́ọ̀lù. Rárá. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ńkọ́? Mo ní rárá.