Iṣẹ́ fún Ọwọ́ àti Ẹsẹ̀: Eré àti Àríyá fún Ọmọkùnrin Kékeré Lásìkò Ìsinmi

Ẹ kú àsìkò yìí, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin alágbàtọ́ tí ẹ ń wò wá. Bí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé, ariwo àkọ́kọ́ tó máa ń sọ nínú ilé tí ọmọkùnrin kékeré bá wà ni ariwo ẹsẹ̀. Ọ̀kan ń sáré láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, èkejì ń fò láti orí àga kan bọ́ sí òmíràn, nǹkan kan á sì ti fọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rò nígbà náà pé owó ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí, pé a gbọ́dọ̀ ra ohun ìṣeré tuntun tàbí kí a kó àwọn ọmọ lọ síbi ìgbafẹ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ ni ọmọkùnrin tó wà láàárín ọdún 3 sí ọdún 8 ń wá fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń wá àgbàlagbà kan tí yóò wà nítòsí, tí yóò máa wò ó bó ṣe ń ṣe é.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí sísáré náà máa bí yín nínú jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde ní ọdún 2019, ní kí ọmọ ọdún 3 sí 4 máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 180 lójúmọ́, ó kéré tán, kí 60 nínú ìṣẹ́jú náà sì jẹ́ ti eré tó le díẹ̀, irú èyí tó ń mú ọmọ mí hẹlẹhẹlẹ. Ìlànà ọdún 2020 fún àwọn tó ti tó ọdún 5 sókè ní kí wọ́n máa ní ìṣẹ́jú 60 irú eré bẹ́ẹ̀ lójúmọ́, bí a bá pín in dọ́gba láàárín ọ̀sẹ̀. Wákàtí 3 gbáko ni ìṣẹ́jú 180 yẹn fún ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí a bá wá ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ ni à ń bá jà, ara náà ni yóò sì borí.

Ẹ jẹ́ kí a fi bébà kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, kí a ṣe bàálù. Mo máa pẹ́ lórí èyí díẹ̀, nítorí pé n kò tíì rí eré mìíràn tó kéré báyìí tí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ pọ̀ tó báyìí. Ẹ ṣẹ́ bébà náà po ní òró, kí igun bá igun dọ́gba, ẹ fi èékánná tẹ ojú ibi tó ti ṣẹ́ po, kí ẹ sì tún un ṣí. Ìlà kan ti là á láàárín báyìí. Ẹ mú igun òkè apá ọ̀tún àti ti apá òsì, kí ẹ ṣẹ́ wọn wá pàdé lórí ìlà yẹn, kí orí bébà náà lè ṣe ṣóńṣó bí orí ọfà. Ẹ tún ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá sí àárín lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pa gbogbo rẹ̀ dé lórí ìlà àárín, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣẹ́ ìyẹ́ kan sí ọ̀tún àti ìyẹ́ kan sí òsì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ti ọmọ kò ní gún. Igun kan yóò ga ju ìkejì lọ, ojú ìṣẹ́po rẹ̀ yóò sì wú. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún un ṣe, nítorí pé ọmọdé kì í mọ̀ ọ́n jẹ kó má rà á lọ́wọ́.

Ibi tí bàálù náà bá ti kọ́kọ́ já lulẹ̀ ni eré gidi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ọmọ pé kí ló rí. Bí imú bàálù bá ń lọ gbá ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ní kó fi ìka tẹ etí ẹ̀yìn ìyẹ́ méjèèjì sókè díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá yóò máa ti ìrù sílẹ̀, imú yóò sì gbéra. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń gbé orí sókè jù, tó dúró láàárín òfuurufú bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ, tó sì wá ṣubú, imú rẹ̀ ló fúyẹ́. Ẹ fi irin kékeré tí a fi ń há bébà pọ̀ há a nímú, kí ẹ sì ní kó tún un jù. Ẹ wo ojú ọmọ náà nígbà tí bàálù tó já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bá wá fò kọjá àga, tó kọjá tábìlì, tó sì lọ bà sí ìdí ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe, ó sì mọ ohun tó ṣe tó fi fò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lè sọ fún un pé àwọn àgbàlagbà náà ń ṣe é, wọn kò sì fi ṣeré. Ní ọdún 2010, Takuo Toda, ọmọ ilẹ̀ Japan, ju bàálù oníbébà kan tó wà lókè fún ìṣẹ́jú àáyá 29.2. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà ju òmíràn tó fò ju mítà 88 lọ kó tó balẹ̀. Ẹ jáde síta pẹ̀lú ọmọ, kí ẹ fi ẹsẹ̀ wọn mítà 88 kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí bó ṣe jìnnà tó. Ẹ fi ẹfun fa ìlà kan sílẹ̀ tí gbogbo ọmọ yóò dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jù ú, kó má baà gún ẹnikẹ́ni lójú.

Páálí ńlá tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ tàbí àga wá sílé náà wúlò púpọ̀. Ẹ yọ gbogbo irin tó bá wà lára rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gé fèrèsé sí i, ìyẹn iṣẹ́ àgbà, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọmọ àti kéréyọ́nù rẹ̀. Ọkọ̀ ni lónìí, àgọ́ ni lọ́la. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ ta aṣọ ìtẹ́sùn sórí àga méjì, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì fún un, kí ẹ wọlé tọ̀ ọ́ lọ, kí ẹ sì ka ìwé fún un níbẹ̀.

Fún ọmọ tó ti tó ọdún 5, iṣẹ́ kan wà tó máa ń mú kí gbogbo ilé dákẹ́ wò. Ẹ da fínígà díẹ̀ sínú ìgò ike, kó má ga ju ìka méjì lọ láti ìdí ìgò náà. Ẹ da ṣíbí kékeré méjì páúdà sódà tí a fi ń mú kéèkì wú sínú bálúùnù tí a kò tíì fẹ́, ẹ wọ ẹnu bálúùnù náà bo ẹnu ìgò dáadáa, kí páúdà inú rẹ̀ ṣì máa rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà náà ni kí ẹ wá sọ fún ọmọ pé kó gbé bálúùnù náà nàró. Páúdà yóò dà sínú ìgò, fínígà yóò hó ṣùùù, bálúùnù náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó fẹnu kàn án. Àwọn méjèèjì tó pàdé ló bí afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide, afẹ́fẹ́ yẹn sì ń wá àyè. Irú afẹ́fẹ́ kan náà wà nínú èémí tí àwa náà ń mí síta. Ẹ má ṣe fi ìdérí dé irú ìgò bẹ́ẹ̀ láé, nítorí ó lè bẹ́, kí ẹ sì máa ṣọ́ kí fínígà má ta sí ọmọ lójú.

Bálúùnù fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe bálúùnù rọ́bà àkọ́kọ́ ní ọdún 1824, kì í sì í ṣe nítorí àríyá. Ó ń wá ohun tí yóò fi gba afẹ́fẹ́ hydrogen tó ń ṣe ìwádìí lé lórí ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Bálúùnù tó bẹ́, tàbí èyí tí a kò tíì fẹ́, lè dí ọmọ lọ́fun, nítorí rọ́bà rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èémí. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi dandan lé e pé kí ìkìlọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi di bálúùnù pé ó léwu fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8. Nítorí náà, àgbà ni kó máa fẹ́ ẹ. Bí ọ̀kan bá sì bẹ́ níbi àríyá, ẹ dá ohun tí ẹ ń ṣe dúró, kí ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù rẹ̀ nílẹ̀.

Níwọ̀n bí a ti dé orí ọ̀rọ̀ àríyá, mo rántí ọjọ́ tí ọmọ mi kan pé ọdún 6. Mo fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, mo sì ń sọ fún ọmọ náà láti àárọ̀ pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé, ó ti fa apá kan ọ̀ṣọ́ náà ya, ó sì ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó pé ọdún 7, mo kó bébà aláwọ̀, òwú àti sẹ́lótéèpù lé e lọ́wọ́, mo sì ní kó ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ bó ṣe wù ú. Ọ̀ṣọ́ náà wọ́ sí apá kan, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n má baà fà á ya. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ọmọkùnrin tí kò bá ní iṣẹ́ kankan níbi àríyá yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀, èyí tó bá sì rí lè má bá wa lára mu. Ẹ fi ọ̀kan sẹ́nu ọ̀nà kó máa kí àlejò, kí òmíràn máa pín ife, kí ẹni tó bá mọ nọ́ńbà máa ka àwọn tó ti dé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àríyá ọmọ kékeré ju wákàtí 2 lọ, kí ẹ má sì fi í sí àkókò tí wọ́n máa ń sùn lọ́sàn-án. Ní ti eré, gbogbo wa la mọ eré àga, tí orin yóò máa lọ, tí yóò sì dákẹ́ lójijì, tí ẹni tí kò bá rí àga jókòó sí yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wàhálà rẹ̀ ni pé ọmọ ọdún 4 tó bá kọ́kọ́ bọ́ síta yóò sunkún, ẹni tó sì kéré jù ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́. Ẹ yí òfin rẹ̀ padà báyìí: ẹ máa mú àga kan kúrò lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yọ ọmọ kankan. Àwọn ọmọ yòókù ni yóò wá àyè fún ẹni tí kò rí àga, lórí itan, lẹ́bàá etí àga, bó bá ti lè ṣeé ṣe. Nígbà tó bá ku àga méjì, ọmọ mẹ́jọ yóò ti so mọ́ra wọn, wọn yóò máa rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì máa kígbe pé kí ẹnìkan má jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣubú.

Àwọn eré tí a ti ń borí ara ẹni náà ní àyè tiwọn, nítorí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ bí èèyàn ṣe ń fìdí rẹmi. Bí ó bá sunkún nítorí pé wọ́n borí rẹ̀, ẹ má ṣe sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún. Ẹ jókòó tì í, ẹ bá a pe ohun tó ń dùn ún lórúkọ, kí ẹ sì jẹ́ kó pinnu ìgbà tó fẹ́ padà sínú eré.

Ní ti ìtọ́jú ilé, mo dúró gbọin lórí rẹ̀: iṣẹ́ ilé kì í ṣe ti ọmọbìnrin nìkan. Ọmọkùnrin ọdún 3 lè máa wá ìbọ̀sẹ̀ tó bára dọ́gba, ti ọdún 5 lè to ṣíbí sórí tábìlì, ti ọdún 7 sì lè fọ ife tirẹ̀ kó gbálẹ̀ yàrá rẹ̀. Bí àríyá bá parí, àwọn ọmọ onílé ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé àpò ìdọ̀tí. Ẹ sọ ọ́ di eré tó bá wù yín, kí ẹ ka ìṣẹ́jú fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá wọn ṣe é tán.

Ọmọ ọdún 3 sí 5 nílò oorun wákàtí 10 sí 13 láàárín ọ̀sán àti òru, ti ọdún 6 sí 12 sì nílò wákàtí 9 sí 12, ìsinmi kò sì yí èyí padà. Nítorí náà, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ṣáájú àkókò oorun, kí ilé rọlẹ̀. Bí ẹ bá bá ọmọ náà nínú páálí tó sọ di ọkọ̀, tó ti sùn lọ pẹ̀lú bàálù oníbébà lọ́wọ́, ẹ rọra gbé e lọ sórí ibùsùn. Ẹ fi páálí náà sílẹ̀ síbi tó wà, nítorí pé yóò bèèrè rẹ̀ bó bá jí.