Ẹ Kó Ẹ̀rí Ìkọ́ni Yín Jọ Kí Ọjọ́ Ìgbéga Tó Dé

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ẹ ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ì báà jẹ́ EKSUTH, ilé-ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì l'Ádó, lẹ wà, ì báà jẹ́ ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, ì báà jẹ́ ABUAD, ìyẹn Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ.

Tí ìgbà ìgbéga bá dé, iṣẹ́ ìwádìí tó ti jáde nínú jọ́nà ni kálukú ń sáré tò. Ó ní àkọlé, ó ní ọdún, ẹnikẹ́ni lè kà á. Ìkọ́ni ńkọ́? Ìlà kan péré: "Mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún." Ẹni tó ń fi gbogbo àárọ̀ dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó máa ń rán rẹ́sídẹ́ǹtì (dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀) dípò ara rẹ̀ náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ó dùn mí, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ́ gan-an ló ń pàdánù.

Portfolio ìkọ́ni, ìyẹn àkójọ ẹ̀rí iṣẹ́ ìkọ́ni yín, ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Inú rẹ̀ ni ẹ ti ń fi bí ẹ ṣe kọ́ni hàn, pẹ̀lú ìdí tí ẹ fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àti ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe báyìí tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ọmọ ń wúkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wo àyà rẹ̀, ó ka iye ìgbà tó mí fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó ti parí. Bẹ́ẹ̀, mímí ọmọ ọwọ́ kì í lọ déédéé. Ìṣẹ́jú kan gbáko ló yẹ kó fi kà á, nígbà tí ọmọ fara balẹ̀ tí kò sunkún. Bí ọmọ oṣù 2 sí 11 bá mí tó 50, tàbí tí ọmọ tó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé márùn-ún bá mí tó 40, mímí náà ti yá jù, ó sì lè jẹ́ òtútù àyà.

Ẹ kọ ètò ẹ̀kọ́ ojú ewé kan lórí èyí. Ẹ fi fídíò ọmọ tó ń mí hàn wọ́n, tí ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Kí olúkúlùkù kà, kí ẹ kọ iye tí wọ́n rí sílẹ̀. Ẹ kọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ tún dán wọn wò. Ètò yẹn, èsì méjèèjì, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ láìforúkọ sílẹ̀, àti lẹ́tà ẹlẹgbẹ́ yín tó jókòó wò yín, ẹ̀rí gidi nìyẹn. Ẹ wá fi ìpínrọ̀ kan kún un nípa ohun tí kò lọ bó ṣe yẹ àti ohun tí ẹ máa yí padà. Ìpínrọ̀ yìí làwọn èèyàn máa ń fò, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fò ó.

Lọ́dún 1990 ni Ernest Boyer, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, ti kọ̀wé l'Amẹ́ríkà pé iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ni ìkọ́ni náà, bí ìwádìí ṣe jẹ́. Lọ́dún 1997, Charles Glassick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n mẹ́fà kalẹ̀ tí a lè fi wọ̀n ọ́n, yíyẹ ara ẹni wò sì wà lára wọn. Ní 2006, àwọn olùkọ́ ìṣègùn l'Amẹ́ríkà pín iṣẹ́ wọn sọ́nà márùn-ún: ìkọ́ni, ṣíṣe ètò ẹ̀kọ́, títọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà, dídarí ètò, àti ìdánwò. Ẹ ò ní láti pegedé nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ mú méjì tí ọwọ́ yín dáńtọ́ níbẹ̀.

Ẹ má sì fojú kéré ohun tí ẹ ń ṣe níbí. Bí ẹ bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ Èkìtì bó ṣe máa béèrè ibi tó ń dun ìyá àgbà kan láti Ọ̀mùò, ètò ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Orúkọ aláìsàn, ojú rẹ̀, nọ́ńbà fáìlì rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ìkankan nínú portfolio yín.

Lónìí, ẹ ṣí fódà kan sórí fóònù yín, kí ẹ kọ ọdún yìí sí i. Ètò ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ni kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ jù sínú rẹ̀.