Àwọn Méjèèjì Ló Sin Bàbá Wọn

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi n'Ílọrin, l'Ọ́fà, l'Ómù-Àrán àti níbi gbogbo. A dúpẹ́ pé a jíire.

Ẹ ṣí Bíbélì sí Jẹ́nẹ́sísì 25, ẹsẹ 9. Ábúráhámù kú lẹ́ni ọdún 175, Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì sì jọ sin ín sínú ihò Mákípẹ́là. Ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Íṣímáẹ́lì yìí ni wọ́n lé jáde nílé tòun tìyá ẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì àti omi inú ìgò awọ. Omi tán láginjù, díẹ̀ ló kù kí òùngbẹ pa ọmọ náà. Ẹsẹ 5 tún sọ pé Ísáákì ni bàbá kó gbogbo ohun ìní ẹ̀ fún. Ẹni tí wọ́n ṣe báyìí fún lè ní kí ọmọ tó jogún lọ sin òkú. Síbẹ̀, ó wá.

Júù, Kristẹni, gbogbo wa là ń pe Ábúráhámù ní baba. Mùsùlùmí kì í sì í kírun kó má dárúkọ Ànábì Ìbúráhímù. Àlùkùráánì, Sùúrà 22, ẹsẹ 40, ka ṣọ́ọ̀ṣì, sínágọ́gù àti mọ́ṣáláṣí pọ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ Ọlọ́run.

Ní gúúsù Kwárà níbí, agbo ilé wo ni kò ní Àlhájì àti Pásítọ̀? Bí bàbá bá kú, ọmọ tó jẹ́ díákónì lè ra màlúù fídáù. Onígèlè Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ àti oníhìjáábù á jọ jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ kan, wọ́n á máa bú ara wọn pé ta ló da iyọ̀ tó tóyìí sí i.

Síbẹ̀ náà, lọ́dún 2021, awuyewuye lórí bóyá ọmọbìnrin lè wọ hìjáábù lọ sílé-ìwé mú kí ìjọba ti ilé-ìwé 10 pa n'Ílọrin. Àwa tá a kọ Ìpínlẹ̀ Ìrẹ́pọ̀ sára nọ́ńbà ọkọ̀! Látìgbà tí ogun Gásà sì ti bẹ̀rẹ̀ ní October 2023, ẹni tí kò dé Jẹrúsálẹ́mù rí ń torí ẹ̀ bá alábàágbé ẹ̀ yan odì. Kristẹni kan ń pàtẹ́wọ́ fún bọ́ǹbù, Mùsùlùmí kan ń ṣépè fún gbogbo Júù (ọ̀kan ṣoṣo wo ló mọ̀?), òkú ọmọdé sì wà lọ́tùn-ún lósì. N kò ní kẹ́nikẹ́ni má dárò o. Ìdárò yàtọ̀ sí èpè.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Ọlọ́run tó gbọ́ ohùn Íṣímáẹ́lì láginjù, gbọ́ tiwa láàárọ̀ yìí.

Ẹbí tó bá lókùú nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, má jẹ́ kí ẹ̀sìn dájà sílẹ̀ láàárín wọn.

Àwọn ọmọ wa tó ń lọ sílé-ìwé, tó wọ hìjáábù àti èyí tí kò wọ̀ ọ́, mú wọn lọ, mú wọn bọ̀.

Tu àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní Gásà àti Ísírẹ́lì nínú. Paná ogun náà, Olúwa.

Ẹni tí a kò kí mọ́ nítorí ìròyìn orí fóònù, jẹ́ ká rẹ́nu kí i kílẹ̀ tó ṣú.

Àmín.