Desi Arnaz: Ọ̀gá Báńdì Tó Mọ Iye Tí Fíìmù Àtijọ́ Lè Pa

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn olórí ẹgbẹ́ eléré láyé ìbẹ̀rẹ̀ rédíò àti tẹlifíṣàn, ọmọ Kúbà ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Santiago de Cuba ni wọ́n bí Desi Arnaz sí lọ́dún 1917. Bàbá rẹ̀ ló di olórí ìjọba ìlú náà, òun ló sì fòfin de conga lọ́dún 1925, ìyẹn ìlù àti ijó ìgboro àwọn mẹ̀kúnnù. Ó ní ó ń tàbùkù ìlú lójú àlejò. Lọ́dún 1933, ìjọba dojú dé, wọ́n ju bàbá sẹ́wọ̀n, wọ́n gba gbogbo dúkìá. Ìdílé náà sá lọ sí Miami, ọmọ olówó àná sì ń fọ ilé ẹyẹ kó tó rí jẹ. Nígbà tó yá, ó bọ́ sínú báńdì Xavier Cugat, kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Kí ló wá sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní Miami Beach? Conga tí bàbá rẹ̀ fòfin dè ni! Yóò gbé ìlù kọ́ èjìká, àwọn oníjó yóò tò sẹ́yìn ara wọn, wọn a máa jó yí gbogbo agbo po.

Orin tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù ni Babalú, tí Margarita Lecuona kọ. Ẹ ti dá orúkọ yẹn mọ̀: Ọbalúayé ni. Àbẹ́là, tábà àti ọtí líle ni wọ́n ń béèrè fún òrìṣà náà nínú orin ọ̀hún. Nílé níbí, àwọn àgbà kì í fi orúkọ rẹ̀ ṣeré. Olóde ni wọ́n máa ń rọra pè é. Òyìnbó Kúbà yìí ní tirẹ̀ ń lù, ó ń fi gbogbo ohùn ké e, àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ní Amẹ́ríkà kò sì mọ ẹni tí wọ́n bá a ń pè. Bí mo bá ń wò ó, ẹ̀rín a pa mí, ara mi a sì tún bù máṣọ.

Ti rédíò kò pẹ́ títí. Láàárín 1946 sí 1947, báńdì rẹ̀ ló ń kọrin lórí ètò rédíò Bob Hope, aláwàdà ará Amẹ́ríkà. Lucille Ball, tó ti fẹ́ lọ́dún 1940, náà ní eré aláwàdà tirẹ̀ lórí CBS, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí CBS fẹ́ gbé irú eré bẹ́ẹ̀ lọ sórí tẹlifíṣàn, ìyàwó ní ọkọ òun gan-an ni yóò ṣe ọkọ nínú eré. Àwọn ọ̀gá kọ̀: ta ni yóò gbà pé ará Kúbà ni ọkọ ọmọ Amẹ́ríkà? Tọkọtaya bá gbéra lọ́dún 1950, wọ́n ń ṣeré láti ìlú dé ìlú. Àtẹ́wọ́ àwọn òǹwòran ló dáhùn.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1951 ni I Love Lucy, eré aláwàdà tọkọtaya náà, bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Láyé ìgbà yẹn, New York ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ eré ní tààrà. Ẹni tó bá wà lọ́nà jíjìn, ẹ̀dà tí wọ́n yà láti ojú tẹlifíṣàn, tó ṣú bàìbàì, ni yóò wò. Arnaz àti ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ kúrò ní Hollywood. Wọ́n wá pinnu láti ya eré náà sórí fíìmù gidi, kámẹ́rà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, Karl Freund ni alábòójútó àwòrán. Wọ́n sì to àga fún òǹwòran nínú sítúdíò. Lójú tèmi, ibí ni ọ̀gá báńdì ti yọ jáde: ẹni tó ti ń wojú oníjó kó tó mọ orin tó kàn, ṣé ògiri ni yóò wá máa ṣeré fún?

Fíìmù gba owó ju eré tààrà lọ. Tọkọtaya gbà kí wọ́n gé 1,000 dọ́là kúrò lára owó wọn lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n Desilu, ilé-iṣẹ́ wọn, ni yóò ni àwọn fíìmù náà. CBS gbà láìjanpata. Ta ló máa tún fẹ́ wo eré tó ti wò? Kò pẹ́ ni CBS padà wá ra fíìmù wọ̀nyẹn lọ́pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Lọ́dún 1957, Desilu ra sítúdíò RKO, níbi tí Arnaz àti Lucille ti jọ ṣe fíìmù gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí wọ́n gbà síṣẹ́.