Ẹ má wo máàkì nìkan, ẹ béèrè pẹ́pà ọmọ yín

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti tíṣà sọ ní Kubwa, Abuja, lọ́jọ́ Sátidé nìyí, mo tún un tò díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá.

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Gbogbo wa la máa ń rí àwọn pátákó ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ sẹ́nu géètì ilé-ìwé láti Kubwa títí dé Nyanya lẹ́yìn Common Entrance, ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì, pé gbogbo ọmọ wọn ló yege, fọ́tò ọmọ tó gbégbá orókè á wà níbẹ̀, àwa òbí á sì torí ẹ̀ kó ọmọ kúrò níbi tó wà, a óò lọ sanwó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí mo wá sọ ò pọ̀: máàkì àpapọ̀ yẹn ò lè sọ fún yín bóyá ilé-ìwé ń kọ́ ọmọ. Pẹ́pà tí ọmọ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ló lè sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú máàkì náà wò ná. NECO, àjọ ìdánwò ìjọba àpapọ̀ tí olú ilé-iṣẹ́ wọn wà ní Minna, ló ń ṣe ìdánwò yìí fún àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ Unity School ìjọba àpapọ̀. Lọ́dún 2013 máàkì tí ọmọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní jáde síta, Anambra 139, Èkó 133, Ògùn 131, Ọ̀yọ́ 127, Abuja 90, ẹ wá wo Zamfara, ọmọkùnrin 4, ọmọbìnrin 2. Ariwo ta! Àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ ọlọ́mọ ní olódo, ó sì dùn mí títí dòní, torí ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Iye ọmọ tó ń du àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìpínlẹ̀ wọn ló ń gbé máàkì yẹn sókè tó tún ń fà á wálẹ̀. Ní 2018, ọmọ 28 péré ló forúkọ sílẹ̀ ní odidi Zamfara, ti Èkó lé ní 24,000, Abuja wa yìí ló ṣìkejì, ó lé ní 7,000. Tó bá jẹ́ ọmọ 28 ló wá, ta lẹ fẹ́ lé padà nínú wọn? Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá ni wọ́n sì fi ń wò wọ́n, nítorí náà lọ́dún yẹn ọmọ Ògùn tí wọ́n bí sí Kubwa ń lé 131, ọmọ Gbagyi, àwọn onílẹ̀ Abuja níbí, tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ń lé 90, bẹ́ẹ̀ tíṣà kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì o.

Ẹ wá jẹ́ n fi nǹkan kan hàn yín. Mo kọ ọ́ sórí bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ mú bírò: 304, ẹ yọ 178 nínú ẹ̀. 126 ni ìdáhùn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ pírámárì 4 àti 5 ló máa kọ 274 fún yín. Báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀? Ọmọ náà rí 4 lókè, ó rí 8 nísàlẹ̀, 8 ò ṣe é yọ nínú 4, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yá lọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́, ló bá yí i padà, ó yọ 4 nínú 8, ó kọ 4. Ó dé orí 0 àti 7, ó tún yí i, ó kọ 7. Ó yọ 1 nínú 3, ó ku 2. 274! Ọmọ yẹn kì í ṣe olódo, òfin kan náà ló tẹ̀ lé látìbẹ̀rẹ̀ dópin, òfin yẹn ni ò dáa, ó sì yẹ kí ẹnì kan ti bá a tún un ṣe láti pírámárì 3. Òmíràn á kọ 236, ìyẹn mọ̀ ọ́n yá, àmọ́ kò rántí pé ẹni tó yáni ní nǹkan, tiẹ̀ ti dín. Ẹni tó ń ṣe ìbéèrè objective mọ gbogbo èyí, ìdí nìyẹn tí 274 àti 236 fi máa wà láàárín àwọn ìdáhùn tí wọ́n ní kọ́mọ mú, wọn ò ṣèèṣì fi wọ́n síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá fún àwọn ọmọ méjèèjì ní òdo, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe wọ́n ò jọra rárá. Ọmọ kẹta tí ò mọ nǹkan kan lè kàn ṣéèdì 126 kó gba máàkì, torí tí ìbéèrè bá jẹ́ 50, tí ìdáhùn márùn-ún wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, ẹni tó dijú mú èyí tó wù ú á máa rí nǹkan bíi 10 gbà.

Àwọn ilé-ìwé kan sì wà tí wọ́n á fi odidi tàmù kan ha ìbéèrè ọdún tó kọjá sọ́mọ lórí, ẹ yí 304 padà sí 503, ọmọ á máa wojú yín. Àwọn mìíràn ò ní forúkọ ọmọ tí ò mọ̀wé sílẹ̀ rárá kí gbogbo èèyàn lè yege, èyí burú jọjọ.

Ọ̀rọ̀ tíṣà ńkọ́? Ní 2017, ìjọba Kaduna fún nǹkan bí tíṣà 33,000 ní ìdánwò pírámárì 4, wọ́n ní 21,780 nínú wọn ò gba 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní àwọn máa lé wọn lọ. Èmi ò sọ pé kí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n máa kọ́ ọmọ, àmọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé tíṣà tó bá wọlé tẹ̀ lé wọn gbọ́dọ̀ lè wo 274 kó mọ ibi tó ti wá.

Nǹkan kan tún wà tí àwa Yorùbá Abuja ń fojú fò. Ọmọ mìíràn mọ ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì inú ìbéèrè ni ò yé e. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n wá kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, àwọn ọmọ yẹn sì ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Nítorí náà tọ́mọ bá gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé, ẹ ka ìbéèrè náà fún un ní Yorùbá. Tó bá rí i ṣe, ẹ ti mọ̀ pé ìṣirò kọ́ ni ìṣòro ẹ̀.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan béèrè pé ọ̀gá ilé-ìwé ní kí ọmọ òun ṣe Common Entrance láti pírámárì 5 kó fo 6, ṣé kí òun gbà. Mo ní kí wọ́n gba ìwé ìṣirò ọmọ náà wò ná, níbi tí tíṣà ti fi bírò pupa fa igi, ṣé ọmọ tún un ṣe sábẹ́ ẹ̀ àbí igi pupa nìkan ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ igi pupa nìkan, kó jókòó ní pírámárì 6 o jàre. Kí wọ́n sì lọ bá tíṣà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìjà kọ́, kí wọ́n ní kó mú ìṣirò márùn-ún tí ọmọ náà gbà ṣì wá, kó sọ ohun tó rò pé ọmọ ń rò lọ́kàn nígbà tó ń ṣe ìkọ̀ọ̀kan wọn.